Ebi kọ́ ló ń mú odídẹrẹ́ ṣí ohun ìṣeré tí oúnjẹ wà nínú rẹ̀

Ìmọ̀ràn kan gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń sin odídẹrẹ́: bí ẹyẹ kò bá yíjú sí ohun ìṣeré tí ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sí, ẹ gbé abọ́ rẹ̀ kúrò; bí ebi bá pa á tó, yóò ṣí i fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà á gbọ́ torí ó jọ òótọ́. Kì í ṣe òótọ́. Ebi kì í kọ́ ẹyẹ ní iṣẹ́ tí kò mọ̀, ó sì lè pa á. Budgerigar, irú odídẹrẹ́ kékeré kan, tó wọn gíráàmù 35 kò ní ọ̀rá tí yóò fi la ọjọ́ kan kọjá láìséwu bí kò bá jẹun. Ẹyẹ ńlá pàápàá máa ń fi àìsàn pamọ́ títí ara yóò fi kọ̀ pátápátá. Ẹyẹ tí ẹ rò pé ó ń ṣagídí lè jẹ́ aláìsàn.

Ohun tí ìmọ̀ràn náà gbà ní òótọ́ ni pé ẹranko kì í ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ níwọ̀n ìgbà tó bá rí ti ọ̀fẹ́ jẹ. Ní 1963, Glen Jensen dán èyí wò lára eku. Ó kọ́ wọn láti máa tẹ ọ̀pá kékeré kan kí oúnjẹ tó jábọ́, ó wá gbé abọ́ tó kún fún irú oúnjẹ kan náà sítòsí wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì ń padà lọ tẹ ọ̀pá. Láti ìgbà náà, àwọn olùwádìí ti rí irú ìwà yìí lára ẹyẹlé, adìyẹ àti ọ̀bọ. Ní 2021, Irene Pepperberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí odídẹrẹ́ onírù pupa: àwọn ẹyẹ náà yan oúnjẹ tó ní iṣẹ́ nínú nígbà mìíràn, wọ́n sì kọ̀ ọ́ nígbà mìíràn, ó kù sọ́wọ́ ẹyẹ, irú oúnjẹ àti irú iṣẹ́.

Ibi tí ìmọ̀ràn ebi ti wó pátápátá rèé: bí ebi ṣe ń pa ẹranko sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìfẹ́ láti ṣiṣẹ́ yìí ń dín kù, tí ti ọ̀fẹ́ nìkan yóò sì máa wù ú. Ara tó balẹ̀, tó sì yó díẹ̀, ló ń fún ẹyẹ láyè láti tú nǹkan wò.

Kò sì yẹ kí èyí yani lẹ́nu. Nínú igbó, wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni ọ̀pọ̀ odídẹrẹ́ ń lò lójúmọ́ láti wá oúnjẹ, láti bó o àti láti jẹ ẹ́. Nídìí abọ́, nǹkan bíi wákàtí kan péré ni gbogbo rẹ̀ ń gbà. Ní Yunifásítì California tó wà ní Davis, àwọn olùwádìí tọ́ àwọn ọmọ odídẹrẹ́ Amazon ní ọ̀nà méjì fún ọ̀sẹ̀ 48: àwọn kan nínú àgò lásán, àwọn kan nínú àgò tó ní ibi tí wọ́n ti ń wá oúnjẹ àti oríṣiríṣi nǹkan láti gùn. Ìyẹ́ àwọn ti àkọ́kọ́ bàjẹ́ torí wọ́n ń tu ú fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n fún àwọn náà ní ohun tí àwọn kejì ní, ìyẹ́ wọn tún bẹ̀rẹ̀ sí í dára. Wọ́n tẹ èsì yìí jáde ní 2003, ó sì wà lára ìdí tí ohun ìṣeré awáúnjẹ fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí dókítà ẹranko kọ́kọ́ yẹ ẹyẹ tó ń tu ìyẹ́ wò, nítorí kòkòrò àrùn, ẹ̀dọ̀ tó ń ṣàìsàn àti oúnjẹ tí kò péye náà máa ń fà á.

Kí ló dé tí ẹyẹ fi ń kọ ohun ìṣeré nígbà náà? Lọ́pọ̀ ìgbà, kò mọ̀ pé oúnjẹ wà nínú rẹ̀. Tàbí kó máa bẹ̀rù nǹkan tuntun náà, èyí tó wọ́pọ̀ gan-an lára odídẹrẹ́ onírù pupa. Tàbí kó jẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò dùn ju ti inú abọ́ lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn kì í sábà kíyè sí ni ibi tí wọ́n so ó sí: nǹkan tó ń fì lórí ẹ̀wọ̀n gígùn máa ń sá fún àgógó ní gbogbo ìgbà tí ẹyẹ bá fẹ́ mú un. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn wọ̀nyí tí ebi lè tún ṣe.

Ẹ fi ìbẹ̀rù ṣáájú. Ẹ gbé ohun ìṣeré náà sí ìta àgò, bíi mítà méjì sí ẹyẹ, fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Bí ẹyẹ bá na ọrùn, tó sì fún gbogbo ìyẹ́ mọ́ra pinpin, ó ṣì ń bẹ̀rù. Ẹ gbé e sẹ́yìn. Ìgbà tó bá ń jẹun, tó sì ń tún ìyẹ́ rẹ̀ ṣe láìwò ó mọ́ ni kí ẹ sún un mọ́ àgò.

Ní àkókò yẹn kan náà, ẹ máa fi abọ́ tó ti mọ̀ kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ rún pépà lásán márùn-ún tàbí mẹ́fà ní rogodo, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó hóró walnut (kí ó kéré sí i fún ẹyẹ kékeré), kí ẹ sì tò wọ́n sórí oúnjẹ lọ́nà tí oúnjẹ yóò fi hàn láàárín wọn. Nígbà tó bá ń jù wọ́n dànù láìbẹ̀rù, ẹ fi kún un títí tí oúnjẹ kò fi ní hàn mọ́. Lẹ́yìn náà ni wíwé: pépà onígun mẹ́rin tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ẹ fi ègé álímọ́ńdì kan sí àárín, ẹ lọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ gbayawu. Kí ẹyẹ máa wò yín bí ẹ ṣe ń wé e. Ìgbésẹ̀ kékeré yìí ló ń sọ fún un pé oúnjẹ wà níbẹ̀. Tẹ̀ lé e ni páálí gbọọrọ oníhò tó máa ń wà láàárín tíṣù: ẹnu méjèèjì ṣí, lẹ́yìn náà ẹnu kan pa, lẹ́yìn náà méjèèjì pa pẹ̀lú ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà kan lára rẹ̀. Igi ló kẹ́yìn. Ègé igi páìnì tí wọn kò fi kẹ́míkà pa kòkòrò sí lára, tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ lu ihò mílímítà 10 sí 12 sí i, kí ó jìn tó mílímítà 15 láìyọ sí òdìkejì, kí ẹ sì tẹ oúnjẹ sínú rẹ̀.

Ẹ má kọjá sí ìpele tó kàn àyàfi bí ẹyẹ bá ń yọ oúnjẹ jáde láàárín ìṣẹ́jú méjì, ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Bó bá fi í sílẹ̀ lọ, ẹ padà sẹ́yìn ní ìpele kan lọ́jọ́ náà gan-an. Àìní sùúrù níbí ló ń sọ ohun ìṣeré olówó ńlá di ohun ọ̀ṣọ́.

Èyí tí ẹ rà lọ́jà náà ṣeé tún ṣe. Àgbá oníke tó ní ilẹ̀kùn kéékèèké máa ń le jù fún ẹyẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ẹ tú bóòtì rẹ̀ díẹ̀ kó lè máa yí wẹ́rẹ́, kí ẹ sì fi ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ dè é mọ́ irin àgò ní ojú méjì kó má baà fì, ní ìwọ̀n gíga àyà ẹyẹ, pẹ̀lú igi ìdúró tó lágbára níwájú rẹ̀ kó lè fi ẹsẹ̀ kan di oúnjẹ mú. Bó bá ti wá rọrùn jù, ẹ ki pépà sínú àwọn yàrá rẹ̀. Kódà, oúnjẹ fúnra rẹ̀ lè di ohun ìṣeré: pẹ́lẹ́ẹ̀tì (oúnjẹ ẹyẹ tí wọ́n fún pọ̀ di hóró) ńlá tí ẹyẹ gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ dì mú ń gbà á lákòókò ju wẹ́wẹ́ lọ fíìfíì. Ẹ̀fọ́ odindi tí ẹ gún mọ́ irin tí kì í dípata náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín wákàtí mẹ́rin kó tó bàjẹ́.

Ewu tó wà nínú rẹ̀ kò kéré. Síǹkì tí wọ́n fi bo ẹ̀wọ̀n àti ìkọ́ olówó pọ́ọ́kú, àti òjé inú agogo kéékèèké tó ń dún, jẹ́ májèlé. Irin tí kì í dípata ni kí ẹ fi pààrọ̀ wọn. Okùn òwú tó ti ń tú máa ń dí àpò ọ̀fun ẹyẹ, ó sì máa ń fún ọmọ ẹsẹ̀ rẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ kò fi ní dé ibẹ̀ mọ́: ẹ gé fọ́nrán tó bá gùn ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ, ẹ sì jù ú nù bó bá tú púpọ̀. Òrùka tàbí ihò gbọ́dọ̀ kéré jù fún orí ẹyẹ láti wọ̀, tàbí kó fẹ̀ tó kí gbogbo ara rẹ̀ kọjá. Àárín méjèèjì ni ẹyẹ ti ń há. Ẹ yọ téèpù, gọ́ọ̀mù àti pín-ìn-nì kúrò lára páálí, ẹ má sì lo pépà rìsíìtì.

Ní ti ìwọ̀n, abọ́ dúró sí ààyè rẹ̀. Bí oúnjẹ òòjọ́ bá jẹ́ gíráàmù 40, ẹ fi gíráàmù 4 sínú ohun ìṣeré, kó jẹ́ èyí tí ẹyẹ fẹ́ràn jù, kí ẹ sì yọ irú rẹ̀ kúrò nínú abọ́. Ẹ fi kún un díẹ̀díẹ̀ dé ìdajì. Bí ara ẹyẹ bá le, ẹ lè gbé ohun ìṣeré síwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí abọ́ sì tẹ̀ lé e láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yálà ó ṣí i tàbí kò ṣí i.

Ojú kò lè sọ bóyá ó ń jẹun tó, torí èèpo irúgbìn máa ń mú kí abọ́ dà bí èyí tó ṣì kún. Òṣùwọ̀n ló lè sọ ọ́: ní òwúrọ̀, lẹ́yìn ìgbẹ́ àkọ́kọ́, kó tó jẹun. Odídẹrẹ́ tó wọn gíráàmù 450 tó bá dín ní 14 ti pàdánù ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ padà sí ìpele tó rọrùn. Bó bá dín ní 45, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ bá kéré, tó sì ní àwọ̀ ewé tó dúdú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà.

Bí ẹyẹ méjì bá wà nínú àgò kan, ẹ so ohun ìṣeré mẹ́ta, kí wọ́n jìnnà síra, nítorí èyí tó lágbára máa ń jókòó ti ọ̀kan kí èkejì má baà débẹ̀.