Owó Ọkọ̀ Wà, Owó Tí A Ó Fi Dé Ìdí Ọkọ̀ Ni Kò Sí

Ẹni tí wọn ò bá tíì pè sí ọjọ́ìbí orí omi lọ́dún yìí, kó yẹ ara rẹ̀ wò dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti mọ iye tó kù sí àpò rẹ̀. Láàárín àwọn èèyàn wa tó ń gbé Amẹ́ríkà, gbọ̀ngàn ayẹyẹ ti di ohun àtijọ́. Ẹni tó bá pé àádọ́ta ọdún tó ṣì ń háyà gbọ̀ngàn, tó ń pe alásè, tó ń pe onílù, ojú ará oko ni wọ́n fi ń wò ó. Kúrúùsì ló kù báyìí: ọkọ̀ afẹ́ ràgàjì kan tí yóò gbéra ní Miami lọ́jọ́ Ẹtì, tí yóò yà ní Nassau ní ilẹ̀ Bahamas, tí yóò sì dá gbogbo yín padà sí Miami láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Fọ́tò á kún Facebook. Atẹ́gùn òkun á máa bá gèlè jà. Ṣekárími pọ́ńbélé.

N ò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìgbádùn. Ẹni tó ti fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, bó bá wù ú kó lọ jó lórí òṣùmàrè. Ìṣirò owó rẹ̀ ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti ka oríṣiríṣi bọ́jẹ́ẹ̀tì tí àwọn ìgbìmọ̀ ọjọ́ìbí ń fi ránṣẹ́ sórí wọ́tsáàpù, òfin kan náà ni gbogbo wọn sì ń tẹ̀ lé: ohun tí kò bá ní hàn nínú fọ́tò, kò gbọdọ̀ wọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Owó yàrá wà níbẹ̀, yàrá tó ní bálíkónì ni o. Owó aṣọ ẹbí wà níbẹ̀: lééṣì fún alẹ́ àkọ́kọ́, funfun fún alẹ́ kejì, aṣọ òkè fún alẹ́ kẹta, àǹkárá fún etíkun. Owó onífọ́tò wà níbẹ̀. Fìlà àwọn ọkọ pàápàá ní ìlà tirẹ̀. Báwo wá ni èèyàn ṣe máa kúrò nílé rẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀? "Kálukú á mọ bó ṣe máa ṣe é." Akápò ti sọ̀rọ̀, ó tán.

Ẹ jẹ́ ká bá akápò ṣe é. Ká ní ìpolówó sọ pé 399 dọ́là lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Inú gbogbo èèyàn ti dùn: "Ṣé 399 náà ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ pariwo?" Ẹ fara balẹ̀. Ká ní Maryland lẹ wà. Bàálù àlọ àtàbọ̀ sí Miami, ká fi í sí 220, ìyẹn bí ẹ bá tètè rà á, àwọn èèyàn wa kì í sì í tètè rà á torí pé owó lééṣì ni wọ́n kọ́kọ́ ń san. Àpótí kan, 40 lálọ, 40 lábọ̀, torí aṣọ òkè kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rún mọ́ inú báàgì ọwọ́. Bí àpótí ọ̀hún bá sì ju kílò 23 lọ, owó mìíràn tún dé nìyẹn. Hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan ní Miami, 190. Uber láti pápákọ̀ dé hòtẹ́ẹ̀lì, láti hòtẹ́ẹ̀lì dé èbúté, láti èbúté padà sí pápákọ̀, ká ní 75. Oúnjẹ pápákọ̀, níbi tí búrẹ́dì àti ẹyin ti máa ń dọlọ́lá lójijì, 40. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 605 dọ́là. Ẹsẹ̀ yín ò tíì kan ọkọ̀ o. Bẹ́ ẹ bá sì wọlé tán, wọ́n á tún gba ohun tó lé ní 15 dọ́là lójúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, owó ọpẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ ò tíì dúpẹ́, wọ́n ti bá yín dúpẹ́.

Hòtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan yẹn ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. "Kí la fẹ́ fi hòtẹ́ẹ̀lì ṣe? Ṣé kò sí bàálù àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni?" Ó wà. Yìnyín náà wà lóṣù Kìn-ín-ní. Ọkọ̀ tó máa ń gbéra ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti ti ìwọlé rẹ̀ ní wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ ṣáájú. Ọkọ̀ ọ̀hún ò sì mọ̀ pé ìwọ ni ìyá ọlọ́jọ́ìbí. Wọn kì í tẹ̀ ẹ́ láago pé, "Ẹ ti dé ibo báyìí?" Bó bá ti ṣíkọ̀, ó ku kó o ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù mìíràn lọ bá a ní Nassau, bí pásípọ́ọ̀tù bá wà lọ́wọ́ rẹ. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín wà fún àwọn tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà. Òfin gbà wọ́n láyè láti fi ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti di ọmọ Amẹ́ríkà àti káàdì ìdánimọ̀ wọ ọkọ̀ tó bá jẹ́ pé ibi tó ti gbéra náà ni yóò padà sí. Ni wọ́n bá fi pásípọ́ọ̀tù sílé kó má baà sọ nù. Wọ́n wá dúró sí Miami, ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ọ̀tún, gèlè lọ́wọ́ òsì, bàálù Nassau ò sì gba ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Mo ti dúró lórí ìlà wọn rí ní gbọ̀ngàn èbúté, níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Àǹtí kan gbé áyọ́ọ̀nù wá láti ilé, áyọ́ọ̀nù gidi, èyí tó wúwo, tí wọ́n fi aṣọ ìnura wé. Òṣìṣẹ́ náà yọ ọ́ jáde bí ẹni yọ ìbọn. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọ̀nyí ni kì í jẹ́ kí èrò gbé áyọ́ọ̀nù wọ yàrá, nítorí iná. Àǹtí ní, "Ẹ dákun sà, lééṣì ni o." Òṣìṣẹ́ ò gbọ́ èdè lééṣì. Ó kọ nọ́ńbà sí i, ó gbé e sí ẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n wá gbà á bí wọ́n bá dé. Ẹni tó tẹ̀ lé e gbé kúlà. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó wà nínú kúlà. Jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín eléwé, àti ẹran ìgalà díńdín tí n ò ní bèèrè bó ṣe dé Amẹ́ríkà. Oúnjẹ tí a sè nílé kì í wọ ọkọ̀, àyàfi ìpápánu tí wọ́n dí pa láti ilé iṣẹ́. Ìyá àgbà kan tó wà láàárín wọn wo òṣìṣẹ́ náà tìyanu-tìyanu, ó ní oúnjẹ kì í ṣòfò lójú òun, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí kúlà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbẹ̀, pẹ̀lú ṣíbí kan ṣoṣo tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n jẹ 300 dọ́là oúnjẹ. Ọkùnrin tó bá wọn ru àpótí ti na ọwọ́ títí, ọwọ́ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Owó ẹ̀bùn aláàárù kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Ohun tó tún dùn ún gbọ́ ni pé ní Maryland tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbé, èbúté kúrúùsì wà níbẹ̀ gan-an, ní Baltimore. Ọkọ̀ ńláńlá ń gbéra níbẹ̀. Nígbà tí afárá Francis Scott Key wó lóṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n kó àwọn ọkọ̀ náà lọ sí Norfolk fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ti dá wọn padà. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí lè ní kí ọmọ òun fi mọ́tò gbé òun dé ibẹ̀. Kò sí bàálù, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí kílò 23. Mo gbà pé ìrìn àjò ibẹ̀ sábà máa ń ju ọjọ́ mẹ́ta lọ, ìsinmi ibi iṣẹ́ kì í sì í tó. Àmọ́ kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ń sọ o. Ohun tí wọ́n ń sọ ni, "Baltimore kẹ̀? Kí la fẹ́ kọ sábẹ́ fọ́tò?" Àwọn ará Houston náà ní Galveston nítòsí, ìrìn wákàtí kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní omi ibẹ̀ pọ́n, kò bá lééṣì búlúù mu.

Àwọn tó gbọ́n jù nínú wọn ló máa ń rí bàálù olówó pọ́ọ́kú sí Fort Lauderdale. "Mo fi 60 dọ́là dín in!" Ẹ kú oríire. Fort Lauderdale ní èbúté tirẹ̀, Port Everglades, ìdí pápákọ̀ náà ló wà. Ọkọ̀ tiyín ń bẹ ní Miami, nǹkan bíi kìlómítà 45 síbẹ̀, lọ́jọ́ Ẹtì, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Uber á gba 60 dọ́là yẹn, á sì tún bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi ẹ̀bùn díẹ̀ kún un.

Àwọn bàbá wa náà wọ ọkọ̀ òkun. Láti ọdún 1951 ni Aureol, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ Elder Dempster, ti ń gbé wọn láàárín Èkó àti Liverpool, kí wọ́n tó gbé ìdíkọ̀ rẹ̀ ní ìlú ọba lọ sí Southampton ní 1972. Ẹni tó bá ń ti Ìbàdàn bọ̀ á wọ rélùwéè dé Ìdó, ẹbí á sìn ín wá, wọ́n á sùn sílé ìbátan ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ilẹ̀ á mọ́, wọ́n á gba Àpápá lọ. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn pé kéèyàn dé ṣáájú ọjọ́ ìṣíkọ̀, owó ọkọ̀ ilẹ̀ sì wà nínú owó tí ẹbí dá jọ. Wọ́n wọ ọkọ̀ kí wọ́n lè dé ibì kan ni. Àwa ń wọ bàálù ká lè dé ìdí ọkọ̀ tí yóò gbé wa káàkiri omi, tí yóò wá já wa sílẹ̀ níbi tó ti gbé wa.

Ti àwọn ará ilé ní Nàìjíríà ló ń ṣe mí láàánú. Kí Amẹ́ríkà tó dá físà àlejò fún ọmọ Nàìjíríà dúró lóṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, ọlọ́jọ́ìbí á kéde pé àbúrò òun ń bọ̀ láti Èkó. Owó ìwé físà nìkan jẹ́ 185 dọ́là, wọn kì í sì í dá a padà bí wọn ò bá fún èèyàn. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bí 460 náírà kí ìjọba tó tú u sílẹ̀ lóṣù Kẹfà ọdún 2023 ti fò kọjá 1,000, kálukú kó ṣírò rẹ̀. Lóṣù Keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà tún sọ físà àlejò ọmọ Nàìjíríà di ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta. Nassau kì í ṣe Amẹ́ríkà o, ilẹ̀ Bahamas ni. Àlejò tó fi físà ẹ̀ẹ̀kan wọ Miami, tó bá wọn jó dé Nassau, ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà nìyẹn. Ta ni yóò wá ṣàlàyé fún aṣọ́bodè pé àjọsọ ni lééṣì náà, pé ó yẹ kí wọ́n jẹ́ kí àbúrò wọlé torí fọ́tò àwọn ẹbí?

Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n ní Róòmù ni. Àádọ́ta ọdún ìyàwó alága. Mo wo ìpolówó náà. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà ni Róòmù. Ohun tí wọ́n kọ wínníwínní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Civitavecchia, èbúté kan tó jìnnà sí Róòmù tó nǹkan bíi kìlómítà 70. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ń ṣe é káàkiri. "Páríìsì" wọn, Le Havre ni, nǹkan bíi kìlómítà 200 sí Páríìsì. "Berlin" wọn, Warnemünde ni, ó tún jìnnà ju ìyẹn lọ. "Lọ́ńdọ̀nù" wọn, Southampton ni, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Èkó sí Ìbàdàn. Ẹni tí ọmọ onílẹ̀ bá ti ta ilẹ̀ "Lẹ́kkí" fún rí, tó wá dé ibẹ̀ tó bá ara rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, kò yẹ kí èyí yà á lẹ́nu. Ó ń yà wọ́n lẹ́nu ṣá.

Kò pẹ́ tí ìkéde náà jáde ni ẹnì kan tó ṣì ní làákàyè bèèrè lórí wọ́tsáàpù pé bí bàálù bá já wa sílẹ̀ ní Fiumicino, pápákọ̀ Róòmù, báwo la ṣe máa dé ìdí ọkọ̀, èló sì ni? Gbogbo ẹgbẹ́ ló ka ìbéèrè náà, àmì àkàyé méjì rẹ̀ ti di búlúù. Ẹnì kan kọ "Àmín." Ẹnì kejì fi àwòrán àkàrà òyìnbó ránṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni akápò wọlé: "Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àwọ̀ gèlè ti yí padà, kì í ṣe píǹkì mọ́, àwọ̀ ọsàn ni. Ẹni tó bá ti san ti píǹkì, kó fi 40 dọ́là kún un kó tó di ọjọ́ Ẹtì."