Amúkùn-ún, Ẹrù Ẹ Wọ́

Nígbà tí wọ́n sọ fún amúkùn-ún pé ẹrù rẹ̀ wọ́, èsì tó fọ̀ ni pé òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Òwe yìí bá ọmọ tí àrùn oríkèé ń dà láàmú mu: ní ìdájí, nígbà tí ìyá ń kánjú kí ọkọ̀ tó ń lọ sí Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn má baà já a sílẹ̀, ọmọ tí kò tètè dìde ni a ń pè ní ọ̀lẹ, èyí tó ń tiro ni a sì ń sọ pé ó ń díbọ́n. Ìwà ni à ń bá wí, a kò bẹ̀rẹ̀ wo orúnkún.

A ti fi làkúrègbé sọrí àwọn àgbàlagbà jù. Ó ń ṣe ọmọdé, àní ọmọ ọdún méjì pàápàá. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún 16, tí oríkèé sì wú fún ọ̀sẹ̀ 6 ó kéré tán láìrí ìdí mìíràn, làkúrègbé ọmọdé ni àwọn oníṣègùn ń pè é.

Òwúrọ̀ ni kí ẹ ti máa ṣọ́ ọ. Ẹsẹ̀ ọmọ náà á le gbagidi bó bá jí, á máa di ògiri mú rìn, á máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n pọn òun. Tí oòrùn bá fi máa ga, ara rẹ̀ á ti dẹ̀, á máa gbá bọ́ọ̀lù, èyí náà ló sì ń mú kí ará ilé rò pé irọ́ ló pa. Ẹ jẹ́ kí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ẹní, kí ẹ fi orúnkún kan wé ìkejì: kòtò kékeré tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ egungun orúnkún á ti kún lára èyí tó wú. Ìrora ẹsẹ̀ méjèèjì tó ń jí ọmọ lóru, tí kò sì sí mọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, yàtọ̀ sí èyí, kì í sì í sábà ní ewu nínú.

Ojú ni èmi kà sí ohun tó léwu jù, nítorí pé àrùn yìí lè máa ba inú ẹyinjú jẹ́ láìpọ́n, láìdùn. Ọmọ tó bá ti ní i gbọ́dọ̀ máa rí dókítà ojú déédéé, bó tilẹ̀ ń ríran kedere.

Kì í ṣe gbogbo oríkèé tó wú ni làkúrègbé, ṣá o. Fòníkú-fọ̀ladìde lè mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọdé wú. Ọ̀fun dídùn náà lè bí àrùn mìíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, tí ìrora á máa fò láti oríkèé kan sí òmíràn, tí á sì lè ba ọkàn jẹ́. Ìdí nìyí tí n kò fi fara mọ́ gbígbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí oríkèé bá wú, tó gbóná, tí ọmọ kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀ rárá, tí ara rẹ̀ sì ń gbóná, ẹ má dúró de ilẹ̀ ọ̀la: kòkòrò àrùn lè ti wọ inú oríkèé. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí Adéọ̀yọ́ tàbí UCH n'Ìbàdàn. Ní ti èyí tó ń fà díẹ̀díẹ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò bó ṣe ń rìn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, nítorí pé kó tó kàn yín láti rí dókítà lọ́sàn-án, ó ṣeé ṣe kó ti máa rìn dáadáa.