Lẹ́tà Kan Péré Ló Sọ Mí Di Ẹlẹ́yà

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Ọdún 11 ni mo ti ń ta ìwé, bírò, rúlà, góòmù àti pépà ní Àjílósùn, ní Adó-Èkìtì níbí. Mo ń bá àwọn tí kò ní kọ̀ǹpútà tẹ ìwé, mo sì ń ṣe fọ́tókọ́pì bí iná bá wà. Bí kò bá sí, mo ń tan jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ti pẹ́ tó báyìí nídìí òwò kan yẹ kó lè kọ orúkọ ohun tó ń tà sí ara pátákó, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró lójú títì máa fi í rẹ́rìn-ín. Èmi kò rí ìyẹn gbà.

Ní oṣù tó kọjá, mo san 18,000 náírà fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ pátákó. Ó fi ọ̀dà búlúù kun gbogbo ara rẹ̀, ó fi yẹ́lò kọ ‘STATIONARY AND BUSINESS CENTRE’ sí i gàdàgbà, ó tún ya bírò kan àti ìwé kan tó ṣí sílẹ̀ sí igun rẹ̀. Ó wù mí. N kò ní purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ: èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sí ara páálí fún un bẹ́ẹ̀, kò sì yí lẹ́tà kan padà nínú ohun tí mo fún un. Ní ọjọ́ kẹta tí a gbé e kọ́, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́ wá ṣe fọ́tókọ́pì. Ó wo òkè, ó wò mí, ó ní, ‘Madam, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ̀rù ń bà yín pé ṣọ́ọ̀bù yín yóò rìn lọ ni ẹ fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò lè kúrò lójú kan?’ Mo ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọ̀rọ̀ yín kò yé mi.’ Ó wá ń fi ìka tọ́ka sí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń kọ́ ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó ní bó bá jẹ́ A ló wà níwájú R, ohun tó dúró sójú kan tí kò mira ló túmọ̀ sí. Bó bá jẹ́ E, ìwé ìkọ̀wé àti bírò ni. Àwọn ọlọ́kadà méjì tó ń retí èrò bú sẹ́rìn-ín. Mo mọ ọ̀kan nínú wọn dáadáa. Èmi ni mo máa ń bá a ka ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀.

Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo gbé ìwé atúmọ̀-èdè Gẹ̀ẹ́sì ńlá tí àkọ́bí mi fi sílẹ̀ nígbà tó ń lọ sí yunifásítì, mo ṣí i sí ibi lẹ́tà S, mo sì rò pé máa rí ẹ̀bi mi níbẹ̀, máa gbà, máa sùn. Ohun tí mo rí ló sọ ìtìjú mi di ìbínú. Ọmọ ìyá kan náà ni àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì! Inú èdè Látìn ni wọ́n ti wá, lára ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí dídúró. Láyé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ń kiri ọjà wọn láti ìlú dé ìlú, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta ìwé lẹ́bàá yunifásítì ní ojú kan tí wọ́n ń pàtẹ sí, wọn kì í kiri. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pe irú ọlọ́jà bẹ́ẹ̀ ní ‘stationer’, ẹni tó dúró lójú kan, tí orúkọ yìí sì wá ran ọjà tó ń tà. Àṣé tìtorí pé a kì í kiri ni òwò wa fi ń jẹ́ orúkọ tó ń jẹ́. Èmi tí mo ti dúró lójú kan ní Àjílósùn fún ọdún 11, tí mo kọ ọ́ sára pátákó pé mo dúró lójú kan, kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ mi?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ ara wọn la ọ̀rọ̀ kan sí méjì, wọ́n fún ọ̀kan ní A, wọ́n fún èkejì ní E, wọn kò sì yí ìró wọn padà kí etí lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Àwa tí a kò sí níbi tí wọ́n ti pín in ni wọ́n wá ń bu owó ìtanràn lé lórí.

Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe irú èyí, ǹ bá gbé ẹnu mi dákẹ́. Obìnrin tó ń dín pọfupọ́ọ̀fù níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ń ra fúláwà ní àpò-àpò. Ilé alájà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gbin fúláwà yí ọgbà ká. Fúláwà ni a ń pe méjèèjì ní Adó, a kò sì tí ì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni lọ já èyí tó wà lára ọgbà láti fi dín nǹkan. Ṣùgbọ́n bí o bá kọ ‘flower’ sínú lísíìtì ọjà níbi tó yẹ kí o kọ ‘flour’, púrúǹtù ni ọ́. Ẹ sì wá wò ó: ọ̀rọ̀ kan náà ni àwọn yẹn pẹ̀lú. Ibi tó kúnná jù nínú àlìkámà tí a lọ̀ ni wọ́n ń pè ní òdòdó rẹ̀, bí ẹni ń sọ pé ojúlówó rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ wọn sì ń kọ méjèèjì bákan náà títí wọ àárín ọdún 1700 sí 1800 kí wọ́n tó yà wọ́n sọ́tọ̀. Ohun tí àwọn baba ńlá Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe láìsí ẹni tó bá wọn wí ni wọ́n ń fi ìyá pọfupọ́ọ̀fù ṣe yẹ̀yẹ́ fún lónìí.

Èyí tó dùn mí jù kọ́ ni pátákó mi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù yìí, bàbá kan wá pé kí n bá òun tẹ lẹ́tà sí ọ̀gá ilé-ìwé tí ọmọ òun ń lọ, kí wọ́n dákun fún òun ní oṣù kan sí i láti fi wá owó ilé-ìwé, nítorí pé iṣẹ́ ti dá sílẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ fún un pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí mo mọ̀, mo kọ ‘The Principle’ sí òkè rẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ọjọ́ kejì ló padà dé. Wọ́n ti fi bírò pupa yí ọ̀rọ̀ yẹn po lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n kọ ‘PAL!’ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì dá ìwé náà padà láìsí ẹni tó fèsì ẹyọ gbólóhùn kan sí ẹ̀bẹ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bàbá náà kò mọ ohun tí bírò pupa túmọ̀ sí. Ó rò pé wọ́n ti kọ̀ fún òun ni. Mo tún un tẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ojú sì ń tì mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ṣàlàyé fún mi pé ‘principle’ ni ìlànà, pé ‘principal’ ni ọ̀gá ilé-ìwé, kí n sì máa rántí pé ọ̀gá ilé-ìwé jẹ́ ‘pal’, ìyẹn ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ ta ni? Ẹni tí ebi ń pa kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí i, lẹ́tà méjì tí mo ṣì kọ ló rí.

Ẹ má sì sọ fún mi pé kí n fi kọ̀ǹpútà ṣe olùrànlọ́wọ́. Kọ̀ǹpútà kò fa ìlà pupa sábẹ́ ‘principle’ yẹn, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó wà ni. Kò bìkítà bóyá ibẹ̀ ló yẹ kó wà. Ṣùgbọ́n bí mo bá tẹ ‘centre’ àti ‘licence’ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé-ìwé, ó ń fa ìlà pupa wọ̀ọ̀rọ̀wọ́, nítorí pé ìlànà Amẹ́ríkà ni wọ́n gbé sínú rẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ‘licence’ pẹ̀lú C ni ìwé àṣẹ, ‘license’ pẹ̀lú S sì ni fífúnni ní àṣẹ. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi S kọ méjèèjì, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Ohun tí mo ṣì, ẹ̀rọ fọwọ́ sí i. Ohun tí mo gbà, ó ní mo ṣì í. Ti àwọn tó ń tẹ ‘With Complements’ níbi tó yẹ kí wọ́n tẹ ‘With Compliments’ sára ìwé àjọ̀dún tí wọ́n ń pín níbi òkú, n kò tilẹ̀ ní sọ ọ́. Èmi ni mo tà á fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ti ẹnu, nítorí pé ibẹ̀ ni ìyà pọ̀ sí. Fáwẹ̀lì àìránmúpè 7 ni Yorùbá ní, a sì ní lẹ́tà 7 tí a fi ń kọ wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń fi kọ́ni ní nǹkan bí ìró fáwẹ̀lì 20, lẹ́tà fáwẹ̀lì 5 péré ló sì ní láti fi kọ gbogbo wọn. Bí ìró tó tó 20 bá dé ẹnu tí a fi 7 tọ́ dàgbà, dandan ni kí wọ́n gun ara wọn. Ọkọ̀ elérò jẹ́ bọ́ọ̀sì, ọ̀gá ẹni náà jẹ́ bọ́ọ̀sì. Ọmọ Èkìtì ni èmi. Kí n tó bá ‘ilé’ àti ‘iṣu’ pàdé nínú ìwé, ‘ulé’ àti ‘uṣu’ ni mo ń pè wọ́n, wọ́n sì nà mí lórí ìyẹn náà. Mo ti yí ahọ́n mi padà lẹ́ẹ̀kan nítorí ilé-ìwé kí Gẹ̀ẹ́sì tó dé rárá.

Ọmọ mi obìnrin tó wà ní SS2 gbé ìwé àpèkọ rẹ̀ wálé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Olùkọ́ pè é, àwọn ọmọ kọ ọ́. Ọmọ mi kọ ‘He works every morning’, wọ́n fagi lé e, wọ́n kọ ‘walks’ sí orí rẹ̀. Mo ní kí ó pe ohun tí olùkọ́ pè fún mi gẹ́lẹ́ bó ṣe pè é. Ó pè é: ‘wọ́ọ̀kìsì’. Mo ní báwo ni olùkọ́ yẹn ṣe ń pe ‘iṣẹ́’ ní Gẹ̀ẹ́sì? Ó ní, ‘Wọ́ọ̀kì, mà.’ Mo ní ‘rírìn’ ńkọ́? Ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, ‘Wọ́ọ̀kì náà ni, mà.’ Ṣé ẹ rí i báyìí? Ẹni tó bí ìbejì tí kò fi ilà sí wọn lójú ń na aládùúgbò nítorí pé ó ṣi Táyé pè ní Kẹ́hìndé. Máàkì kan péré ni wọ́n yọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n krẹ́díìtì nínú Gẹ̀ẹ́sì ni ilẹ̀kùn yunifásítì, bó bá ti lẹ̀ jẹ́ ìṣirò lọmọ fẹ́ lọ kà, inú ìdánwò WAEC ni wọ́n sì tún ti máa ń béèrè ìró fáwẹ̀lì wọ̀nyí lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ bàbá olùkọ́ tó kọ́kọ́ dá ọgbẹ́ yìí sí mi lára, nítorí pé mo fi nǹkan kan pamọ́. Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán, ó na ìwé tó fẹ́ ṣe fọ́tókọ́pì sí mi. Ìwé ètò ìsìn ìrántí ọdún kẹwàá ìyá rẹ̀ ni, àádọ́ta ẹ̀dà ló sì fẹ́. Lẹ́tà ńláńlá ni wọ́n fi kọ ọ́ sí iwájú, láìsí àmì ohùn kan: ‘IRANTI IYA WA’. Mo kà á bí ó ṣe wà lára ìwé. Láti 1875 ni wọ́n ti pàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí, àmì sì wà tó ń ya ìyá sọ́tọ̀ kúrò lára ìyà. Bàbá tó rí A mi láti òdìkejì títì kò rí i pé òun fẹ́ pe gbogbo ẹbí wá ṣèrántí ìyà tó jẹ wọ́n. Àwọn ọlọ́kadà ṣì wà níbẹ̀. Ẹnu mi ti fẹ́ là. Mo rántí pé ìyá ẹnìkan ni, mo gbé ìwé sínú ẹ̀rọ, mo ka àádọ́ta, mo fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i. Ó san owó, ó tún yíjú sókè wo pátákó mi, ó ní, ‘E, madam. E bíi ti envelope.’

Pátákó náà wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù báyìí, a dojú rẹ̀ kọ ògiri. Ẹni tó kọ ọ́ ní òun yóò gba 3,000 náírà sí i láti pa A rẹ́, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé búlúù tuntun kò ní bá ti àtijọ́ mu, pé ojú A yóò ṣì máa hàn lábẹ́ E bí oòrùn bá mú un. Mo ní kó máa bọ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Ó tún pè mí lánàá, ó ní, ‘Ẹ má bínú, mà, ṣé ó dá yín lójú pé “centre” yẹn kì í ṣe T-E-R?’