Kì í ṣe 1991 ni Metallica ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tà

Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ Metallica, ẹgbẹ́ olórin mẹ́tàlì Amẹ́ríkà, kí wọ́n tó dẹ orin lọ́wọ́ ní 1991. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwo wọn Master of Puppets gba àmì góòlù ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1986 tó jáde gan-an, ìyẹn 500,000 ẹ̀dà, bẹ́ẹ̀ rédíò kò fi bẹ́ẹ̀ gbé e. Àwo tó tẹ̀ lé e ní 1988, ...And Justice for All, dé ipò kẹfà lórí àtẹ Billboard.

Lóòótọ́, ọwọ́ orin wọn yí padà. “One” ti 1988 ju ìṣẹ́jú méje lọ, gìtá báàsì inú àwo yẹn kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún sí etí rárá (ó ṣì ń dùn mí). Ní 1991, fún àwo tí wọ́n pè ní Metallica, Bob Rock tó jẹ́ olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ wọn ní kí wọ́n jọ máa lù ú pọ̀ ní sítúdíò, ó sì gbé báàsì síwájú. “Enter Sandman” dúró lórí rífù kan (ìlà gìtá kúkúrú tí wọ́n ń tún ta léraléra), ìṣẹ́jú márùn-ún ààbọ̀. Ìyára àti gígùn ló dínkù. Ní ti ìwúwo, ṣe ni wọ́n dẹ gbogbo okùn gìtá wálẹ̀, bíi láti E sí D, kí ohùn rẹ̀ lè túbọ̀ wúwo fún “Sad but True”. Ta ló máa pe ìyẹn ní fẹ́ẹ́rẹ́? Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ti fi thrash, irú mẹ́tàlì tó máa ń yára kánkán, sílẹ̀ pátápátá lẹ ń wá, Load ti 1996 ni kẹ́ ẹ tọ́ka sí.