Ọgbà Ìrántí Nínú Ọgbà Ìṣeré: Ẹ Kọ Ohun Tó Pa Wọ́n Síbẹ̀

Àgbàlagbà mẹ́rin ló kú ní ọgbà ìṣeré Dreamworld, ní Gold Coast, orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ní ọjọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 2016. Eré orí omi kan tí wọ́n ń pè ní Thunder River Rapids ni wọ́n ń ṣe. Ẹ̀rọ tó ń fa omi dákẹ́, omi fà, ọkọ̀ róbótó kan tí kò sẹ́nì kankan nínú rẹ̀ há sójú kan, èyí tó gbé èèyàn mẹ́fà sì lọ kọlù ú. Ọmọdé méjì péré ló yè nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Nígbà tó yá, wọ́n dá ọgbà ìrántí sílẹ̀ fún àwọn olóògbé náà nínú ọgbà ìṣeré ọ̀hún, ẹnu àwọn èèyàn kò sì kò lórí rẹ̀. Àwọn kan ní ohun tó yẹ nìyẹn, pé irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀ bò. Àwọn mìíràn ní ta ló fẹ́ san owó wọlé láti wá ṣeré, kó tún wá dúró síwájú òkúta ìrántí pẹ̀lú ọmọ tó ń lá áísìkírìmù lọ́wọ́?

Ó lè dà bíi pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìyẹn, pé kí ló kan Èkó níbẹ̀. Ó kàn wá gan-an ni. Ẹ dá a sílẹ̀ nínú dáńfó láti Ọ̀ṣòdì sí Ìkẹjà, kí ẹ tó dé abẹ́ bíríìjì, àwọn èrò ọkọ̀ á ti pín sí méjì. Ẹnì kan á ní ibi ayọ̀ kì í ṣe ibi ẹkún. Ẹlòmíràn á bi í pé níbo wá ni kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ti sunkún. Kọ́ńdọ́ á ní kí wọ́n kọ́kọ́ mú owó ọkọ̀ wá ná.

Ibi tí ìwé ìròyìn yìí dúró sí kò ṣòro sọ. Kí wọ́n dá ọgbà ìrántí sí ibi tí ikú ti wáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ ibi eré. Ṣùgbọ́n ọgbà tí kò bá sọ ohun tó pa àwọn tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún, òdòdó lásán ni, àwa kò sì rí ìdí tí ìjọba fi yẹ kó fọwọ́ sí i.

Ẹni tó bá rò pé eré àti ìrántí kò lè jọ gbé ojú kan, kó yà sí Freedom Park ní Broad Street lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́ ọ kó tó di 1890. Ibẹ̀ ni wọ́n ti Herbert Macaulay mọ́, ibẹ̀ náà ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti lo díẹ̀ nínú ọjọ́ àhámọ́ rẹ̀. Wọ́n wó o ní 1979. Ilẹ̀ náà wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, kí ayàwòrán-ilé Theo Lawson tó sọ ọ́ di ọgbà ìgbafẹ́, tí wọ́n sì ṣí i ní 2010, ọdún tí Nàìjíríà pé àádọ́ta. Ojú ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fún èèyàn láyé ìgbà náà ni pèpéle tí àwọn olórin ń gun lónìí wà. Èéfín ẹja yíyan á máa fẹ́ kọjá, ọtí tútù á máa làágùn lórí tábìlì, ẹ ó rí ìyàwó tuntun tó fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀wọ̀n kí wọ́n lè ya fọ́tò rẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ ń bá a gbé etí aṣọ sókè kó má baà kan erùpẹ̀.

Kò sẹ́ni tó bá wọn wí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni bá wọn wí. Ohun tó jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ni pé wọn kò fi nǹkan kan pamọ́ níbẹ̀. Ògiri wà lójú, ìpìlẹ̀ yàrá àwọn ẹlẹ́wọ̀n hàn, àkọlé sọ ẹni tí wọ́n tì mọ́ ibẹ̀. Ọmọdé tó bá béèrè, bàbá rẹ̀ á rí ohun kà fún un. Lẹ́yìn náà wọ́n á lọ ra gúgúrú.

Àtakò kan wà tó lágbára ju ti ibi eré àti ibi ẹkún lọ, inú ilé tiwa ló sì ti jáde. Òkú àgbà ni Yorùbá ń ná owó fún, tí a ń pe onílù sí, tí a ń dá aṣọ ẹbí lé lórí. Òkú ọ̀fọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá kú, a kì í jẹ́ kó mọ ojú oórì. Àwọn ẹbí á gbé e lọ sin, wọ́n á ká fọ́tò rẹ̀ kúrò lára ògiri, wọ́n á kó aṣọ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, orúkọ rẹ̀ náà á di ohun tí wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ pè lójú ìyá rẹ̀ mọ́. Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá tí wọ́n fi irú ìlànà báyìí tọ́ dàgbà, kí ilé-iṣẹ́ kan wá lọ fín orúkọ ọmọ rẹ̀ sára mábù ní gbangba, níbi tí àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti ń gun jangilófà! Ìkà ni lójú rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé irú ìyá bẹ́ẹ̀ kò lajú ni kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àṣà yìí kan náà sì ní apá kejì tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí. Láyé àtijọ́, ẹni tí omi bá pa, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí, wọn kì í gbé e wọ ilé. Wọn kò tìtorí ìyẹn pa odò náà tì. Àwọn obìnrin ṣì ń pọnmi níbẹ̀, àwọn ọmọ ṣì ń lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n á fi ojú ibẹ̀ han ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ pé má kọjá ibí yìí.

Ìdí nìyí tí a fi pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì. Orúkọ, ti ẹbí ni. Bí wọ́n bá ní kí wọ́n kọ ọ́, kí wọ́n kọ ọ́. Bí wọ́n bá ní rárá, kí òkúta dákẹ́ lórí ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má sì rọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀, iye ẹni tó kú àti ohun tó pa wọ́n, ìyẹn ti kúrò ní ti ẹbí nìkan. Ti gbogbo ẹni tó máa mú ọmọ rẹ̀ wá síbẹ̀ lọ́la ni.

Ẹ wo Òkè-Àfà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, ilé tí àwọn ológun ń kó ohun ìjà sí ní bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù. Ilẹ̀ ń mì, ojú ọ̀run pọ́n, ìyá gbé ọmọ pọ̀n, ó sá. Àwọn tó sá gba ọ̀nà Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò kò mọ̀ pé kánáàlì ló wà níwájú. Ewéko ti bo ojú omi náà, nínú òkùnkùn ó jọ ilẹ̀ koríko. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú, wọ́n sì ń wọlé sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, léjì-léjì, àti ọmọ ẹ̀yìn wọn. Ẹni tó kú nínú láabi ọjọ́ náà lápapọ̀ lé ní 1,000, inú omi yẹn sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá lọ.

Wọ́n kọ́ ibi ìrántí sí etí kánáàlì náà. Bí ọjọ́ 27, oṣù kìíní, bá ti pé, àwọn ẹbí á wá gbé òdòdó síbẹ̀, pásítọ̀ àti àlùfáà á gbàdúrà, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò, ó di àmọ́dún. Láàárín ọdún, àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí ní 2002 ń gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ ra búrẹ́dì. Ẹ bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló ṣẹlẹ̀, á ní bọ́ǹbù ni. Ó parí. Ta ló ń sọ fún un pé àárín ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n kó ohun ìjà jọ sí, àti pé omi tó jọ ilẹ̀ ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn? Ọmọ tó bá mọ ìyẹn á máa wo kánáàlì àdúgbò rẹ̀ lójú mìíràn, á sì bi káńsẹ́lọ̀ ní ìbéèrè nígbà ìdìbò.

Bákan náà ni ti Ìjù-Ìṣàgà, níbi tí ọkọ̀ òfurufú Dana ti já lu ilé ní ọjọ́ 3, oṣù kẹfà, ọdún 2012. Gbogbo èèyàn 153 tó wà nínú rẹ̀ kú, àti ẹni mẹ́fà tó wà nílẹ̀. Ìwádìí ìjọba ní ẹ̀rọ kan ti pàdánù agbára nígbà tí ọkọ̀ náà fò fún ìṣẹ́jú 17 péré láti Àbújá, àwọn awakọ̀ kò sì bà sí pápákọ̀ tó sún mọ́ wọn. Wọ́n ń bọ̀ wá sí Èkó títí ẹ̀rọ kejì náà fi lọ. Irú gbólóhùn tó yẹ kó wà lára òkúta ìrántí nìyẹn, kó kúrú, kó sì ṣe é kà.

A kò sì tíì gbàgbé ti Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 18, oṣù kejìlá, ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní ọgbà Islamic High School, Baṣọ̀run. Eré ọdún Kérésìmesì ni wọ́n pè wọ́n sí. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká tún rí irú rẹ̀.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ ohun tó fa ikú ni pé a mọ bí àwọn onílé-iṣẹ́ ṣe ń ṣe é. Ní Dreamworld tí a fi bẹ̀rẹ̀, adájọ́ tó ṣèwádìí ikú náà sọ ní 2020 pé láàárín 30 ọdún tí eré orí omi yẹn fi wà, wọn kò gbé onímọ̀ ẹ̀rọ kankan wá láti yẹ ewu inú rẹ̀ wò bó ṣe yẹ. Ilé ẹjọ́ sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 3.6 dọ́là Ọsirélíà lé ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún kan náà. Ìyẹn lohun tí òbí fẹ́ mọ̀. Òdòdó àti bẹ́ǹṣì kò lè sọ ọ́ fún un.

Ní Èkó, bí Iléyá tàbí Kérésìmesì bá dé, àwọn ọgbà ìṣeré á kún dẹ́nu. Àwọn ọmọ á tò sórí ìlà, bàtà tuntun á ti bó wọn ní gìgísẹ̀, ẹ̀rọ amúnáwá á máa dún gùdùgùdù lẹ́yìn ògiri. Òbí tó bá bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń de bẹ́líìtì mọ́ ọmọ rẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n yẹ ẹ̀rọ yìí wò gbẹ̀yìn, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà á pòṣé sí i. Ọgbà ìrántí tó bá sọ òótọ́ ló máa gba irú òbí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ń pòṣé.

Ìjọba Èkó ní àjọ tó ń rí sí ọgbà, LASPARK. Ó ní èyí tó ń rí sí ààbò, Lagos State Safety Commission. Kí àwọn méjèèjì jókòó pọ̀ kí ọdún yìí tó parí, kí wọ́n sì gbé ìlànà kan jáde. Kí wọ́n kọ́kọ́ ránṣẹ́ sí ẹbí kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀. Kí ọgbà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, lábẹ́ ìbòòji, kì í ṣe ẹ̀yìn ilé ìyàgbẹ́, kì í sì í ṣe ẹnu géètì tí ọmọdé máa kọ́kọ́ rí. Kí ẹbí máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n, kí kọ́kọ́rọ́ má wà lọ́wọ́ máníjà tó ti lọ sí Àbújá. Kí wọ́n fi Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kí wọ́n má sì kọ ọ́ bí lọ́yà ṣe ń kọ̀wé: bó bá jẹ́ ẹ̀rọ omi ló dákẹ́, kí wọ́n kọ pé ẹ̀rọ omi dákẹ́. Kí àmì ilé ìfowópamọ́ tàbí ti ilé-iṣẹ́ síìmù má sí lára rẹ̀. (A mọ̀ pé ó ṣòro. Díẹ̀ ni bẹ́ǹṣì tó kù ní Èkó tí kò gbé orúkọ ẹni tó fún wọn lówó sẹ́yìn.)

Àwọn onílé-iṣẹ́ á ní àwọn kò lè kọ nǹkan kan nítorí ẹjọ́ ṣì wà ní kóòtù. A gbà. Kí wọ́n gbé òkúta náà kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ lórí rẹ̀ fún ohun tó fa ikú, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sísàlẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wá ṣeré lè máa ka iye ọdún tí àyè náà fi ṣófo.