Irọ́ ni pé ìwé àti iṣẹ́ àṣekára nìkan ló ń sọ ọkùnrin dúdú di ọ̀gá nílùú òyìnbó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ yìí dáadáa lónìí. Gbogbo wa la ti gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn òbí wa, lẹ́nu pásítọ̀, nínú group WhatsApp, pé òyìnbó kì í wojú èèyàn, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ ni wọ́n ń wò, tó o bá ti kàwé yanjú tó o sì tẹpá mọ́ṣẹ́ kò síbi tó ò ní dé nínú kọ́ńpìnì wọn. Tẹ́nì kan bá fẹ́ jiyàn báyìí, orúkọ Adébáyọ̀ Ògúnlésì ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú jáde, pé ṣebí ọmọ Ṣàgámù ni, ṣebí òun ló ṣáájú àwọn tó ra pápákọ̀ òfurufú Gatwick nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2009. Èyí tó burú jù ni ìparí ọ̀rọ̀ wọn, pé àwọn dúdú Amẹ́ríkà tí wọn ò dé òkè, ọ̀lẹ ló ń bá wọn jà. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí kì í ṣòótọ́, àwọn ọmọ tiwa tó wà lọ́hùn-ún gan-an ló sì ń pa lára.

Ẹ jẹ́ ká ka orí ná. Ìwé ìròyìn Fortune máa ń to àwọn kọ́ńpìnì 500 tówó ń wọlé fún jù l'Amẹ́ríkà, àtọdún 1955 ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ń dárúkọ pé ó di CEO, ìyẹn ọ̀gá àgbà pátápátá, irú kọ́ńpìnì bẹ́ẹ̀ ni Clifton Wharton ní TIAA-CREF tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, 1987 nìyẹn o. Nígbà tó fi máa di 2023, àwọn 8 péré ni, tọkùnrin tobìnrin, nínú 500, wọ́n sì ń pariwo pé kò tíì pọ̀ tó báyẹn rí. Bẹ́ẹ̀ nínú 100 èèyàn Amẹ́ríkà, dúdú tó 13. London ńkọ́? Lọ́dún 2021 Green Park, kọ́ńpìnì tó ń báwọn ilé iṣẹ́ wá ọ̀gá, yẹ àwọn kọ́ńpìnì ńlá 100 tí wọ́n ń pè ní FTSE 100 wò, wọn ò rí ẹni dúdú kan ṣoṣo lórí àga alága, àga CEO tàbí ti ọ̀gá tó ń ṣọ́ owó. Ṣé gbogbo wọn ló yọ̀lẹ ni?

Ẹnu ọ̀nà ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùṣèwádìí méjì, Marianne Bertrand àti Sendhil Mullainathan, fi CV tó fẹ́ẹ̀ tó 5,000 ránṣẹ́ sáwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ ní Boston àti Chicago, wọ́n gbé àbájáde ẹ̀ jáde ní 2004. Ìwé kan náà, ìrírí kan náà, orúkọ ni wọ́n kàn yí, àwọn kan ń jẹ́ Emily àti Greg, àwọn kan ń jẹ́ Lakisha àti Jamal. Ẹni tórúkọ ẹ̀ jọ ti funfun máa fi bíi 10 ránṣẹ́ kí wọ́n tó pè é lẹ́ẹ̀kan, ẹni tórúkọ ẹ̀ jọ ti dúdú máa fi 15. Kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ kára o, wọn ò tíì rí i sójú rárá. Tidjane Thiam, ọmọ Côte d'Ivoire, kàwé jáde ní École Polytechnique tó wà lára àwọn iléèwé tó le wọ̀ jù ní France, òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ síta pé ìdènà kan tójú ò rí ló lé òun kúrò ní France, ìgbà tó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tó di ọ̀gá Prudential, kọ́ńpìnì ìbánigbófò ńlá, ní 2009.

Ká tiẹ̀ ní o wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n David Thomas, nígbà tó wà ní Harvard, tẹ̀ lé báwọn èèyàn ṣe ń gòkè nínú kọ́ńpìnì ńlá mẹ́ta l'Amẹ́ríkà. Òyìnbó tó máa di ọ̀gá, kíá ni wọ́n ń gbé e sókè, ẹni dúdú tí wọ́n jọ mọṣẹ́ máa wà lójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n á dán an wò, wọ́n á tún dán an wò. Àwọn tó wá padà dé òkè, ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ sáwọn tó há sáàárín ni pé wọ́n ní èèyàn lókè tó dúró fún wọn, tó ń fún wọn níṣẹ́ tó le, tó ń gbèjà wọn táwọn ẹlòmíì bá ń ṣiyèméjì.

Àwa gan-an ló yẹ kó tètè yé. Nílé níbí, kí wọ́n tó gbé ipò ńlá síta, wọ́n ti mọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀, "ta lo mọ̀ níbẹ̀?" la máa ń béèrè ká tó béèrè dìgírì. Kí ló wá dé tá a fi rò pé tó bá ti di New York, kò sẹ́ni tó nílò ẹni tó máa bá a dárúkọ mọ́?

Ògúnlésì fúnra ẹ̀ ńkọ́? Ọkùnrin náà ṣiṣẹ́, mi ò ní gba iyì yẹn lọ́wọ́ ẹ̀. Àmọ́ bàbá ẹ̀ ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn. King's College l'Èkó ló lọ, ó lọ Oxford, ó kàwé lọ́yà àti ti okòwò ní Harvard, ó wá bá Thurgood Marshall ṣiṣẹ́, adájọ́ dúdú àkọ́kọ́ ní kóòtù tó ga jù l'Amẹ́ríkà. Ẹni tó gba gbogbo ọ̀nà yẹn kọjá lẹ fi ń ṣàpẹẹrẹ pé ẹnikẹ́ni ló lè ṣe é? Kenneth Chenault náà, 1981 ló wọ American Express, kọ́ńpìnì tó ń ṣe káàdì ìsanwó, 2001 ló di CEO, Vernon Jordan, lọ́yà tó jà fún ẹ̀tọ́ àwọn dúdú, sì ti wà nínú bọ́ọ̀dù ibẹ̀, ó ń gbà á nímọ̀ràn.

Èyí tó ń bí mi nínú jù rèé. Ní 2009, àwọn olùṣèwádìí méjì, Robert Livingston àti Nicholas Pearce, fi fọ́tò àwọn CEO han àwọn èèyàn, ó hàn pé ojú àwọn ọkùnrin dúdú tó dépò yẹn jọ ojú ọmọdé ju tàwọn funfun lọ, àti pé láàárín àwọn dúdú, ẹni tójú ẹ̀ bá jọ tọmọdé jù ló ń darí kọ́ńpìnì tó lówó jù. Tàwọn funfun ò rí bẹ́ẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé kí ọkùnrin dúdú tó lè jẹ ọ̀gá, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ẹni tí kò lè bà wọ́n lẹ́rù, kó máa rẹ́rìn-ín, kó máa rọ ohùn, kí wọ́n má bàa ní onínúfùfù ni, nígbà tí ọ̀gá funfun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń jágbe mọ́ èèyàn tí wọ́n sì ń pè é ní aṣíwájú. Ìwé wo lẹ fẹ́ kà tó máa wo ìyẹn sàn?

Torí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ́mọ lọ́hùn-ún, ẹ má kàn sọ fún un pé kó tẹpá mọ́ṣẹ́. Ẹ sọ fún un pé kó wá ẹni tó máa dárúkọ ẹ̀ nígbà tóun ò bá sí nínú yàrá. Ẹ sọ fún un pé kó ṣọ́ra fún ipò tórúkọ ẹ̀ dùn létí lásán: olùṣèwádìí kan, Sharon Collins, bá àwọn ọ̀gá dúdú 76 sọ̀rọ̀ ní Chicago, ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n gbé sídìí iṣẹ́ tó jẹ mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn dúdú, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú CEO, ibi tí wọ́n ti ń tajà tí wọ́n ti ń ka èrè ni. Àwọn ọ̀gá dúdú Amẹ́ríkà ti mọ èyí tipẹ́, àtọdún 1986 ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní Executive Leadership Council sílẹ̀ kí wọ́n lè máa fa ara wọn sókè. Tí ẹ bá sì tún fẹ́ bá mi jiyàn pé dìgírì ló ń ṣe é, ẹ wo Chenault àti Ken Frazier tó jẹ CEO Merck, kọ́ńpìnì tó ń ṣe oògùn, ọmọ ẹni tó ń gbálẹ̀ ní Philadelphia. Harvard làwọn méjèèjì ti kàwé lọ́yà. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n jọ dá àjọ OneTen sílẹ̀ ní 2020 pẹ̀lú àwọn ọ̀gá míì, ohun tí wọ́n sọ pé àwọn fẹ́ ṣe ni pé kí dúdú 1,000,000 tí kò ní dìgírì rí iṣẹ́ gidi láàárín ọdún 10.