Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wá ṣí buka l'Amẹ́ríkà, ẹ gbọ́ ti Bàbá Gíríìkì mi ná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, ó gùn díẹ̀. Lóṣù yìí nìkan, èèyàn mẹ́rin ló ti pè mí lórí WhatsApp pé àwọn fẹ́ jápa wá sí New York, ọ̀kan ti ta ilẹ̀ ẹ̀ ní Mọ́wé, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: "Bọ̀dá, ọdún márùn-ún péré ni, màá ṣí buka àmàlà síbẹ̀, tówó bá ti jọ màá padà sílé." Ọdún márùn-ún yẹn gan-an ni mo bá wá.

2013 ni mo dé síbí, fíísà lọ́tìrì ni mo jẹ kí wọ́n tó yọ Nàìjíríà kúrò nínú ẹ̀. Ọmọ báńkì ni mí n'Ìbàdàn o, táì lọ́rùn lójoojúmọ́. Iṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ rí ni abọ́ fífọ̀ ní dáínà (ilé oúnjẹ) Bàbá Gíríìkì kan l'Astoria, ní Queens, adúgbò táwọn Gíríìkì pọ̀ sí bí àwa ṣe pọ̀ ní Peckham. Ẹyin díndín, bọ́gà, ẹran àgùntàn, kò sóhun tí wọn kì í tà ní dáínà, ìwé oúnjẹ wọn nípọn bíi Bíbélì. Inú ọ̀rá ni fóònù mi máa ń wà lókè síńkì kómi má bàa wọ̀ ọ́, tí ìyàwó mi bá pè màá ní mo wà lọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan ló bi mí pé, "Bàbá Tólú, ọ́fíìsì wo ni wọ́n ti ń to abọ́ gbá-gbà-gbá báyìí?" Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Bàbá yẹn, abúlé kan nítòsí Tripoli ló ti wá, Tripoli ti ilẹ̀ Gíríìsì o, kì í ṣe ti Líbíà táwọn ọmọ wa ń gbà kọjá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ló fa orúkọ ẹ̀ kalẹ̀ fún ìwé ìgbélùú Amẹ́ríkà, ó dé lọ́dún 1970. Ṣé ẹ rí i, kó tó di 1965, iye àwọn Gíríìkì tí òfin Amẹ́ríkà fàyè gbà lọ́dún ò ju bíi 300 lọ, Ààrẹ Johnson ló fọwọ́ sí òfin tó ṣílẹ̀kùn fún wọn, nígbà tó sì di 1967 táwọn ṣójà gbàjọba lọ́hùn-ún (ọdún tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ tiwa), wọ́n bá ń rọ́ bọ̀. Ẹ má fi ìyẹn wé tiyín. Lónìí, tí ẹ̀gbọ́n yín tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà bá fa orúkọ yín kalẹ̀, ó lé lọ́dún 15 kó tó kàn yín. Tẹ́ ẹ bá sì fi fíísà ìbẹ̀wò wọlé, tẹ́ ẹ wá jókòó pa fún ọdún kan ó lé lẹ́yìn tọ́jọ́ yín pé, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jáde, ó di ọdún 10 kẹ́ ẹ tó lè padà wọlé.

"Pente chronia" ni Bàbá sọ fún ìyá ẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọdún márùn-ún ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀.

Ó fọ abọ́ bíi tèmi, ó di kúùkù, òun àtẹ̀gbọ́n ẹ̀ dáwó jọ wọ́n gba dáínà ní 1978. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jí. Kò sírun kankan lápá ẹ̀ láti ọrùn ọwọ́ dé ìgúnpá, iná ti jó gbogbo ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló ń gbowó, àwọn ọmọ méjèèjì, tábìlì tó kángun sí kíṣìnì ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ilé ìwé, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń sùn sí. Mi ò rí bàbá tó fẹ́ràn ọmọ tó yẹn. Àmọ́ ọmọ ẹ̀ obìnrin, tó ti di lọ́yà báyìí, sọ fún mi pé lọ́jọ́ tóun jáde ní háísúkù, bàbá òun wá tòun ti épírọ́ọ̀nù nídìí, ó dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn lẹ́yìn, kí wọ́n tó pe orúkọ òun ó ti lọ, torí ẹni tó ń dín pọ̀tétò ò wá síbi iṣẹ́. Kò bínú o, ńṣe ló ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá.

Owó wọlé, mi ò ní parọ́. Ó ralé ní Whitestone, ó kọ́lé alájà kan sábúlé ẹ̀, ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìgbowó ló fi kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ kọ́ sí, ọ̀sẹ̀ méjì nínú August ló ń lò ńbẹ̀, tó bá ráyè. Ẹ̀yin ará Ìjẹ̀bú, ẹ mọ irú ilé tí mò ń wí.

Ilé dáínà gan-an ò wá jẹ́ tiẹ̀. Onílé lè sọ rẹ́ńtì di ìlọ́po méjì tí ìwé bá tán, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì máa fọwọ́ síwèé pé tí ṣọ́ọ̀bù bá jẹ gbèsè, ilé tàbí mọ́tò yín ló máa san án. Àwọn ará ìlera ìlú náà á kàn já wọlé. Àmàlà tẹ́ ẹ wé sínú ọ̀rá tẹ́ ẹ kó sí kúlà yẹn, wọ́n á ki tẹmómítà bọ̀ ọ́, tí kò bá tó 140 lórí Fahrenheit wọ́n á máa kọ máàkì ẹ̀ṣẹ̀ sí yín lọ́rùn, tó bá ti kọjá 13, létà A tí wọ́n fi ń mọ buka tó mọ́ ò sí lójú fèrèsé yín mọ́ nìyẹn.

Kòrónà ló pa dáínà wa. March 16, 2020, ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má jókòó jẹun nínú ilé oúnjẹ mọ́, ìparí September kí wọ́n tó ṣí i, ìdá kan nínú mẹ́rin àga péré, wọ́n tún tì í ní December. Rẹ́ńtì ò dúró. Àwọn ọmọ ò sì gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ṣebí òun ló rán wọn níwèé kí wọ́n má bàa ṣe irú iṣẹ́ òun. Wọn ò ṣe é.

Mo lọ kí i lóṣù tó kọjá. Èmi, òun àti màmá la wà nílé. Ó ti wà ní kíṣìnì kí n tó dé, ó din ẹyin méjìlá. Màmá ní kí n bá òun sọ fún un pé kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Mo fa àga, mo jẹ mẹ́fà.